Ọwọ́ Ìyá Eku àti Iná Àbúrò Rẹ̀

Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni obìnrin tí gbogbo ilé ìwádìí ń pè ní Ìyá Eku ti fi ń kọ́ eku lọ́nà, kí iná mànàmáná tó wá di orogún rẹ̀.

Kò lọ sí yunifásítì. Agbálẹ̀ ni wọ́n gbà á fún. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ àgò, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo bí àwọn dókítà ṣe ń ju eku funfun wọn sínú àpótí ọlọ́nà púpọ̀ tí wọ́n fi ń dán iyè wọn wò. Kò pẹ́ tó fi rí i pé àpótí náà ń tan àwọn dókítà jẹ. Pátákó lásán ni. Òórùn eku àná wà nínú igi. Eku òní á kàn gbé imú sílẹ̀, á tọ òórùn lọ síbi oúnjẹ, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbọ́n. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wá pátákó tirẹ̀, ó kan àpótí tuntun, ó fi páànù tẹ́ inú rẹ̀ kí wọ́n lè máa fi ọṣẹ nù ún bí eku kan bá jáde kí òmíràn tó wọlé, ó sì fi awọ rírọ̀ bo etí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kí ó má baà dún. Ọ̀nà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní hóró àgbàdo tí a rẹ sínú omi ṣúgà lópin rẹ̀. Wọ́n sọ àpótí náà ní Ilé Ìṣìnà, wọ́n sọ obìnrin náà ní Ìyá Eku, wọ́n sì fún un ní yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Ọjọ́ náà ló fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Eku tí àyà rẹ̀ ń já kì í kọ́ nǹkan kan. Ibi tó máa sá gbà nìkan ló ń rò. Nítorí náà, láràárọ̀, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Eku á na ọwọ́ sínú àgò, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, á dúró. Kì í mú eku. Eku ló máa ń gun ọwọ́ rẹ̀. Á gbé e títí yóò fi ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, á jẹ́ kó rìn láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí ti òsì, títí ọkàn tó ń lù kìkìkì yẹn á fi rọ̀. Eku tí àwọn dókítà ń fi ogún ọjọ́ kọ́, ọjọ́ mẹ́wàá ni lọ́wọ́ tirẹ̀.

"Idán wo lẹ fi ń ṣe é?" ni wọ́n máa ń bi í.

"Sùúrù ni," ni yóò fèsì, inú rẹ̀ á sì dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú àbúrò rẹ̀ wọ ibẹ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ọdún méjìlá ló fi jù ú. Ó ti pọ̀n ọ́n rí, ó ti nu imú rẹ̀ rí. Òun náà kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n kò sí rédíò tó kú tí kò lè jí. Ìyá Eku bá a wá iṣẹ́ àgò fífọ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló fi fọ àgò. Ní oṣù kẹrin, ẹ̀rọ tí ọ̀gá ilé ìwádìí fi ń wo ọpọlọ eku dákú. Àwọn tó tà á ní kí wọ́n ra òmíràn. Àbúrò tú u ká sórí tábìlì, ó rí wáyà kan tó já, ó fi òjé gbígbóná lẹ̀ ẹ́ padà, ẹ̀rọ dìde. Láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ di Oníwáyà, ọ̀gá kò sì jẹ́ mu omi láìpè é.

Ìyá Eku kọ́kọ́ yọ̀. Ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé, "Àbúrò mi ni o." Ìgbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n Oníwáyà, àbí?" ni nǹkan kan bù ú jẹ láyà.

Èyí tó wá burú jù ni àpótí tí Oníwáyà kàn pẹ̀lú ọ̀gá. Kò ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ. Ẹnu méjìlá ló ní, ẹnu kọ̀ọ̀kan fún eku kan, pẹ̀lú nọ́ńbà àti wáyà tirẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ abẹ fún eku méjìlá, ó fún wọn ní oògùn oorun, ó sì ki wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ bọ ibi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú ohun tí eku bá kọ́. Bí eku bá ti kúrò nínú Ilé Ìṣìnà, wọ́n á so ó mọ́ àpótí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná inú rẹ̀ kò tó èyí tí í tan gílóòbù tó kéré jù lọ. Eku kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá.

"Ẹ wò ó," ọ̀gá sọ níbi ìpàdé, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ nǹkan nínú afẹ́fẹ́ bíi bíríkìlà. "Ohun tí ẹ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ dà bíi símẹ́ńtì tútù. Ẹsẹ̀ èyíkéyìí ló lè tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́. Iná kékeré yìí, lásìkò tó yẹ, ló máa jẹ́ kó gan. Bó bá pọ̀ jù, á tún fọ́ ọ. Bó bá ṣe wẹ́kú, ohun tí eku kọ́ lónìí á wà níbẹ̀ lọ́la."

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi mọ̀nà?" Ìyá Eku bèèrè.

"Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Bí iná bá lè ṣe é láàárín ọjọ́ tí kò tó mẹ́wàá tiyín, a ò ní nílò yàrá yín mọ́. A óò wó ògiri àárín, gbogbo rẹ̀ á di ti Oníwáyà. Ẹ̀yin á máa bá wọn tọ́jú àgò."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀. Ìyá Eku wo àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà sọ orí kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ayọ̀ ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọ̀nà àbájáde, ọkùnrin arúgbó tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́, dá a dúró. "Ìyá Eku, mo gbọ́ pé wọ́n ti fa iná wọ ilé àwọn ọmọ yín. Ilé tèmi ńkọ́? Ṣé kí n lọ so ara mi mọ́ eku ni?"

"Ẹ lọ so ó mọ́ orí yín," Ìyá Eku dá a lóhùn. "Ó lè rántí ibi tó fi eyín sí."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá ètè.

Nílé, kò sí ìsinmi. Òun, àbúrò àti ìyá wọn ni wọ́n jọ ń gbé. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ìyá wọn na ẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ ìkẹyìn mi, ẹni tó ń fi iná sọ̀rọ̀ sí ọpọlọ! Wọ́n bi mí lónìí pé ta ló kọ́ ọ, mo ní Ọlọ́run ni."

"Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di igi ìkọ̀wé mú," Ìyá Eku sọ.

"Ìyẹn náà dára," ìyá wọn sọ, ó sì yí padà sí ọ̀dọ̀ Oníwáyà. "Ṣé iná náà lè jẹ́ kí n rántí ibi tí mo fi awò ojú mi sí?"

"Ó wà lórí yín, Ìyá," Oníwáyà sọ, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ìyá Eku kó àwo jọ. Ó fọ ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Òfin iṣẹ́ náà rọrùn. Gbogbo eku méjèèjìlá ló ní wáyà lórí, gbogbo wọn ni wọ́n ń so mọ́ àpótí, ṣùgbọ́n mẹ́fà péré ni iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gá nìkan ló tò ó, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó lẹ ìwé náà pa, ó sì tì í mọ́ dúrọ́ọ̀. Oníwáyà fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Gílóòbù pupa kékeré kan wà lókè ẹnu kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá lè fi mọ bó ṣe tò ó. Lẹ́yìn tó tò ó tán, Oníwáyà fi téèpù dúdú bo gbogbo wọn, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ti ń ṣe é.

"Ohun kan tún kù," ọ̀gá sọ fún Ìyá Eku. "Kò sí gbígbé eku sọ́wọ́ o. Abọ́ ni kí ẹ fi máa gbé wọn lọ, kí ẹ fi gbé wọn bọ̀. Ọwọ́ yín máa da iṣẹ́ rú."

Ọwọ́ yín máa da iṣẹ́ rú. Ó gbé gbólóhùn náà lọ sílé, ó gbé e sùn, ó gbé e jí. Ọwọ́ tí wọ́n ti ń pè ní ọwọ́ idán láti ọjọ́ yìí wá!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó dúró níwájú àpótí náà. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ó fi èékánná ṣí etí téèpù kan, gílóòbù abẹ́ rẹ̀ ń tàn pupa. Ó ṣí èkejì: ó ṣókùnkùn. Ó ṣí gbogbo wọn. Mẹ́fà ń tàn, mẹ́fà kò tàn. Ó kà wọ́n sórí, ó sì lẹ téèpù padà, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ta ló nílò àlàyé? Láti ọjọ́ tí ènìyàn ti ń tẹ súìṣì lára ògiri ilé rẹ̀ ló ti mọ̀: bí gílóòbù bá tàn, iná wà, bí kò bá tàn, iná kò sí. Àwọn tó ń tàn ni ti Oníwáyà. Àwọn tó ṣókùnkùn, nọ́ńbà méjì, mẹ́ta, mẹ́fà, méje, mẹ́wàá àti méjìlá, wáyà lásán ni wọ́n rù sórí. Ọmọ òrukàn ni wọ́n. Ó gbà wọ́n ṣe tirẹ̀.

Bí ó ṣe rò ó nìyí: bí eku tí kò gba iná bá mọ̀nà kíá bíi ti eku tó gba iná, tàbí tí wọ́n yá jù wọ́n lọ, kí ni iná wá wúlò fún? Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ó kàn máa jẹ́ kí ọwọ́ sọ̀rọ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, ó ń dé kí oòrùn tó yọ.

"Ẹ tètè dé lónìí," Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sọ, ó ń na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Eku kì í sùn pẹ́."

"Èmi ń sùn pẹ́ o. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ máa jí bí àkùkọ, ẹ máa kọ náà, kí n lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

Yóò wọlé, yóò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sínú àgò àwọn mẹ́fà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ka oókan dé ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, yóò jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn nínú Ilé Ìṣìnà lẹ́ẹ̀mejì sí i, yóò fi ọṣẹ nu páànù, yóò sì da gbogbo nǹkan padà sí àyè rẹ̀. Àwọn mẹ́fà yòókù, kò wò wọ́n lójú. Nígbà tí àwọn ìyókù bá dé sẹ́nu iṣẹ́, abọ́ ló ń fi gbé gbogbo wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó mọ òfin.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ keje, àwọn mẹ́fà rẹ̀ kò ṣìnà mọ́. Bí ó bá ti ṣí ìlẹ̀kùn, fìrìrì, wọ́n ti dé ìdí àgbàdo. Àwọn mẹ́fà kejì ṣì ń fi imú gún ògiri. Ó ń wo àbúrò rẹ̀ tó ń kọ àkọsílẹ̀ láìmọ èwo ni ti èwo, ó sì ń ṣàánú rẹ̀. Àánú náà dùn bí oyin. Àní ó ra súwẹ́ẹ̀tì fún un lọ́jọ́ kan.

"Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ń tọ́jú mi báyìí, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ṣé ẹ̀gbọ́n ò lè ra nǹkan fún àbúrò ni?"

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ọ̀gá kó gbogbo wọn jọ sí yàrá Ìyá Eku. Ó ya etí ìwé náà. Ìyá Eku ti múra sílẹ̀. Ó ti ro ohun tó máa sọ: pé kí wọ́n má bínú sí ọmọ náà, pé ìrírí ni.

"Àwọn tó gba iná," ọ̀gá kà. "Nọ́ńbà méjì. Mẹ́ta. Mẹ́fà. Méje. Mẹ́wàá. Méjìlá."

Ariwo sọ. Ọ̀gá ju ìwé sókè. Ó ń pariwo pé, "Ọjọ́ méje! Àwọn tí kò gbà á, ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọn ò tíì mọ̀nà! Ọjọ́ méje!" Wọ́n gbá Oníwáyà mọ́ra, wọ́n tún un gbá mọ́ra. Ìyá Eku di etí tábìlì mú. Ó se ọbẹ̀ tán, ó bu iyọ̀ sí i, ó tọ́ ọ wò. Orí ẹlòmíràn ni wọ́n wá gbé adé alásè lé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jẹun tán, ó kó àwo kúrò. Nígbà tí ìyá wọn ti wọlé lọ, ó ní, "Àwọn gílóòbù pupa abẹ́ téèpù yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́?"

Ojú Oníwáyà tàn. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí ènìyàn bi í bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó fa ìwé kan sọ́dọ̀, ó ń yàwòrán.

"Ìyẹn fún mi ní wàhálà, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ́kọ́ fi gílóòbù sí ẹnu tí iná ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n iná náà kéré. Gílóòbù á mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ eku, ìwọ̀n tí ọ̀gá fẹ́ á wá bàjẹ́. Ni mo bá yí i padà. Mo fún àwọn gílóòbù ní bátìrì tiwọn, mo wá so wọ́n mọ́ àwọn ẹnu tó wà ní títì. Èyí tó bá tàn pupa, ó ti tì, iná ò lè kọjá. Bíi ti iná ojú títì: pupa, dúró. Èyí tó ṣókùnkùn, ọ̀nà là."

"Ọ̀nà là," Ìyá Eku tún un sọ.

"Ẹ ò rí i pé ó mọ́gbọ́n wá?"

"Ó mọ́gbọ́n wá." Ó sì mọ́gbọ́n wá lóòótọ́, ohun tó tún dùn ún kún un nìyẹn. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń kan àpótí náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun ì bá ṣe é.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, gbẹ́nàgbẹ́nà wá fi okùn wọn ògiri yàrá rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gígùn kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ sún àwọn eku yín sẹ́yìn díẹ̀. Ibí la máa gé."

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá pe ìpàdé kí ó lè ka ìròyìn iṣẹ́ náà sí wọn létí kó tó fi ránṣẹ́. Ó ti kà á dé ìlàjì. Ó dé ibi tó ti sọ pé iná àpótí Oníwáyà nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà.

Kí a má purọ́ fún ara wa: kì í ṣe ìwà rere ló mú Ìyá Eku dìde. Bí àwọn tó ṣókùnkùn bá jẹ́ àwọn tí kò gba iná bó ṣe rò, ì bá gbé àṣírí náà wọ sàréè. Ohun tí kò lè gbé mì ni kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

"Ọwọ́ mi ni," ó sọ.

"Kí ni?" ọ̀gá bèèrè.

"Àwọn mẹ́fà yẹn. Èmi ni mo gbé wọn. Láràárọ̀, láti ọjọ́ kẹta. Mo tún fi kún ìrìn wọn. Ọwọ́ mi ló kọ́ wọn, kì í ṣe iná."

Oníwáyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí n jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó gba àwo. Owú ni. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀."

"Owú ni," Ìyá Eku sọ. "Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ni."

"Òótọ́ ni pé ó ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi kí ilẹ̀ tó mọ́," Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Mo rò pé àwọn eku ló ń ṣàìsàn ni."

"Ìyẹn ò fi nǹkan kan hàn," Oníwáyà sọ.

Ìyá Eku ká apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó lọ sídìí àgò nọ́ńbà kìíní, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀. Eku náà sá wọ igun, ó ń gbọ̀n. Ó lọ sídìí èkejì. Eku náà jáde, ó fi imú kan ìka rẹ̀, ó gun orí àtẹ́lẹwọ́, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ẹ̀kẹta gùn ún. Ẹ̀kẹrin gé e jẹ ní àtàǹpàkò. Ẹ̀karùn-ún sá. Báyìí ló ṣe ń lọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, títí ó fi dé ìdí èkejìlá, èyí tó gun apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Mẹ́fà wá, mẹ́fà sá, kò yẹ̀ sí méje, kò yẹ̀ sí márùn-ún.

Oníwáyà yọ wáyà àpótí rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó ń ká a mọ́ ọwọ́, ó ń ká a mọ́ ọwọ́.

"Ẹ bá ti gbá mi létí," ó sọ níkẹyìn. "Ìyẹn á dùn mí, á sì tán. Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe? Bóyá iná mi ṣiṣẹ́. Bóyá kò ṣiṣẹ́. Bóyá òun àti ọwọ́ yín ni wọ́n jọ ṣe é. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́ láyé. Ẹ ti da omi àti epo pọ̀ sínú ìgò kan, ẹ wá mì ín."

Ìyá Eku ti múra sílẹ̀ de èébú. Kò múra sílẹ̀ de èyí, torí òótọ́ ni, òótọ́ irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ rí nígbà tí òórùn eku àná ń tan àwọn dókítà jẹ.

Ọ̀gá ya ìròyìn náà sí méjì. Kò pariwo. Ó ní iṣẹ́ náà máa tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú eku tuntun, ní ìsọ̀rí mẹ́rin: àwọn tó máa gba iná nìkan, àwọn tó máa gba ọwọ́ nìkan, àwọn tó máa gba méjèèjì, àwọn tí kò ní gba ìkankan. Àwọn àjèjì láti ilé kejì ni yóò máa wò wọ́n nínú Ilé Ìṣìnà. "Wọn ò ní wó ògiri náà," ó sọ. Ìyá Eku gbé ojú sókè. "Ọwọ́ ti di ohun tí a máa dán wò báyìí, ó nílò yàrá. Ṣùgbọ́n Ìyá Eku, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò ní sí lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò fi nǹkan kan pamọ́ ló máa jẹ́ olórí ibẹ̀. Oníwáyà ni. Ẹ̀yin á kọ́ ọ ní ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe, torí ohun tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣe é, a ò lè kọ ọ́ sínú ìwé."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Eku ṣe gba yàrá rẹ̀ sílẹ̀, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún àbúrò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ nílé. Ìyá wọn ló ń jókòó láàárín bí ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó na omi sí ọ."

"Mo gbọ́, Ìyá. Mo wà níbí," Ìyá Eku sọ.

"Èmi náà mọ̀ pé o wà níbí. Ìwà ọmọdé lẹ ń hù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbà ò wọ kèrègbè. Èwo nínú yín ló tún fẹ́ gé ọwọ́ ẹnìkejì?"

Eku tuntun dé ní ọjọ́ Ajé. Ìyá Eku kọ ohun gbogbo tó ń ṣe sórí ìwé, ojú ewé mẹ́rin: bí a ṣe ń na ọwọ́, bí a ṣe ń dúró, iye tí a ń kà. Oníwáyà kà á, ó sì ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Eku sá. Ó dúró, ó dúró. Eku kò yọjú. Ìyá Eku jókòó sórí àpótí kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó ń làágùn. Inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Oníwáyà kò bẹ̀bẹ̀, kò bínú. Ó tún ìwé náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tí òun ti ṣe àṣìṣe. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ìyá Eku mọ ibi tí ó wà. Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ̀. Òjé gbígbóná àti èéfín wáyà ni ọwọ́ ọmọ náà ń rùn. Ènìyàn kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n lójú eku, bí ilé tó ń jó ni. Bí òun bá dákẹ́ fún ọjọ́ méjì sí i, ọ̀gá yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ kò ṣeé kọ́ni. Wọn yóò wó ògiri yàrá náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí Ìyá Eku mìíràn láyé.

Ó yí èrò náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni ń jẹ egungun tí ẹran ti tán lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Oníwáyà ń fa apá jáde nínú àgò nígbà tí Ìyá Eku sọ̀rọ̀.

"Bu èérún igi tí wọ́n ń sùn lé. Ti abẹ́ wọn, kì í ṣe tuntun. Fi ra ọwọ́ rẹ dé ìgúnpá."

Oníwáyà kò yíjú. "Kò sí nínú ìwé tẹ́ ẹ kọ."

"Kò sí níbẹ̀."

"Láti ọjọ́ wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kìíní."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò dára o."

"Mo mọ̀. Ra á dáadáa, kó dé àárín ìka."

Oníwáyà bu èérún igi náà, ó ra á títí awọ rẹ̀ fi pọ́n. Ó tún na ọwọ́ wọlé. Eku kan yọ imú láti igun. Ó gbóòórùn. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan lé ìka rẹ̀, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. Lẹ́yìn náà, ó gun orí àtẹ́lẹwọ́ náà, gbogbo ara rẹ̀, ó ká ìrù mọ́ra. Ọjọ́ kẹrin péré. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gba Ìyá Eku lọ́dún náà lọ́hùn-ún kí eku àkọ́kọ́ tó gun ọwọ́ tirẹ̀.

Ohun náà tún bù ú jẹ láyà, níbi kan náà, kò dín kù rárá.

"Má mì," ó sọ fún àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Máa kà."